Níbo Ni Ìdáhùn Ń Lọ? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Yíyan Irinṣẹ́ Fọ́ọ̀mù àti Ìdánwò fún Ìkànnì Ayélujára ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ní ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí oníṣòwò kan bá gbé fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ sórí ìkànnì rẹ̀ ni ìkànnì náà kúrò ní ohun tí à ń kà lásán, tó sì di ọ́fíìsì tí a ti ń gba orúkọ, owó àti àṣírí ènìyàn. Ìdí nìyí tí yíyan irinṣẹ́ tí a ó fi ṣe fọ́ọ̀mù tàbí ìdánwò kò fi yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ tí a ó dì ru ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà jù nínú ẹgbẹ́, kí àwọn yòókù sì káwọ́ gbera. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣíwájú gbogbo ìbéèrè yòókù nígbà tí a bá ń yan irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀: nígbà tí ènìyàn bá ti tẹ bọ́tìnì tó kẹ́yìn, níbo ni ohun tó kọ ń lọ, ọwọ́ ta ló ń bọ́ sí, báwo ni yóò sì ti rí nígbà tó bá débẹ̀? Ẹwà ojú fọ́ọ̀mù, àwọ̀ rẹ̀ àti oríṣiríṣi ọ̀nà tó lè gbà béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn èyí ló yẹ kí gbogbo wọn tò sí.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé tàgbà tèwe, ó yẹ kí a ṣàlàyé àwọn ohun tí a ó máa dárúkọ. Ètò ìṣàkóso ìkànnì ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ èdè kọ̀ǹpútà lè kọ àròkọ sórí ìkànnì, kó gbé àwòrán sí i, kó sì tún ojú ìwé rẹ̀ ṣe nígbàkígbà tó bá wù ú. CMS ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é, lẹ́tà mẹ́ta tí etí ọmọ Abẹ́òkúta ti mọ̀ tipẹ́ mọ́ ìjọ àwọn míṣọ́nnárì tí Henry Townsend bá wá, àwọn tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sílùú náà, tí Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sì ti ibẹ̀ jáde láti 1859 títí di 1867. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan, àfi ti pé iṣẹ́ ìtẹ̀jáde ni wọ́n jọ ń ṣe. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé nínú irú ètò yìí ni WordPress, tí Matt Mullenweg ará Amẹ́ríkà àti Mike Little ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2003. Drupal ti wà ṣáájú rẹ̀ láti 2001, Joomla sì dé ní 2005. Àfikún, tí wọ́n ń pè ní plugin, ni ètò kékeré tí à ń so mọ́ ètò ńlá náà kó lè ṣe ohun tí a kò dá mọ́ ọn, WordPress sì ti fàyè gba ìsomọ́ bẹ́ẹ̀ láti 2004. Láti ìgbà náà ni àfikún fọ́ọ̀mù ti ń pọ̀ sí i, tí ẹni tó ń wá ọ̀kan fi ń bá Contact Form 7, WPForms, Ninja Forms, Forminator àti Fluent Forms pàdé lójú kan náà, láìtíì ka Gravity Forms tó jẹ́ pé títà nìkan ni wọ́n ń tà á. Ní ti ìdánwò, Quiz and Survey Master wà, LearnDash wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ni kó sì gbowó, H5P sì wà fún eré ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Moodle, tí Martin Dougiamas gbé jáde ní Australia ní 2002, wà lọ́tọ̀ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí odindi ètò tí wọ́n dìídì ṣe fún ilé ẹ̀kọ́.

Púpọ̀ nínú àwọn àfikún wọ̀nyí jẹ́ ọ̀fẹ́ lábẹ́ ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GPL, èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó tú u wò, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ọmọ Ẹ̀gbá kò ní ṣàì rántí àáró tí Lísàbí Àgbòǹgbò Àkàlà fi kó àwọn àgbẹ̀ jọ, tí wọ́n ń ti oko ẹnìkan bọ́ sí oko ẹnìkejì, kí ẹgbẹ́ náà tó di Ẹgbẹ́ Olórogun tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti yàtọ̀ síra ni ẹni tó ń yan irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ tẹjú mọ́. Nínú àáró, ẹni tí wọ́n bá bá roko lónìí mọ̀ pé òun náà yóò gbé ọkọ́ lọ sí oko ẹlòmíràn lọ́la; nínú ti àfikún ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ìkànnì ló ń jẹ nínú oko tí ènìyàn bíi mélòó kan ń ro, nígbà tó bá sì rẹ àwọn yẹn, wọ́n lè pa oko náà tì, tàbí kí wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ so àfikún mọ́ ìkànnì tó ka ìyìn tí wọ́n kọ sí i lára, kó kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, kó wo irú ẹ̀dà WordPress tí wọ́n ti dán an wò lórí rẹ̀, kó sì ka ẹjọ́ tí àwọn olùmúlò ń rò àti bí àwọn tó ni ín ṣe ń dá wọn lóhùn. Àfikún tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọdún méjì, bó ti wù kó dára tó nígbà ayé rẹ̀, kò yẹ ní ohun tí a ń fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀.

Ní ti owó, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló máa ń fi apá kan àfikún wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ apá tí ènìyàn nílò jù, tí wọ́n á máa gba àsansílẹ̀ ọdọọdún lórí rẹ̀ ní dọ́là. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ra irú àfikún bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bí ₦460 ní báǹkì, yóò rí i ní 2024 pé náírà tí òun máa san ti di ìlọ́po mẹ́ta, láìjẹ́ pé ẹni tó tà á fi kọ́bọ̀ lé e, nítorí pé ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan sì ti kọjá ₦1,400. Nígbà tí àsansílẹ̀ bá sì parí, àfikún náà kì í sábà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àtúnṣe rẹ̀ ni kì í wọlé mọ́. Èyí léwu ju kó kú pátápátá lọ, nítorí ohun tó kú a máa hàn, a ó sì wá nǹkan ṣe sí i.

Kí a wá padà sórí ibi tí ìdáhùn ń lọ. Contact Form 7, tí Takayuki Miyoshi ará Japan ṣe, wà lára àwọn àfikún tí wọ́n ń lò jù lọ lórí WordPress. Ó fúyẹ́, ọ̀fẹ́ ni, kò sì lẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Síbẹ̀, fúnra rẹ̀ kò tọ́jú ohun tí ènìyàn kọ: ó kàn ń fi í ránṣẹ́ bí ímeèlì ni, àyàfi tí a bá so àfikún kejì tó ń jẹ́ Flamingo mọ́ ọn, tí yóò máa kọ ẹ̀dà rẹ̀ sínú àká àkọsílẹ̀, ìyẹn ibi tí ìkànnì ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí. Bẹ́ẹ̀, sáfà olówó pọ́ọ́kú, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ìkànnì kékeré ń gbé lórí rẹ̀, máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ láìní ẹ̀rí tó dájú nípa ẹni tó rán an, Gmail àti Yahoo á sì jù ú sínú pàǹtírí, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ jẹ́ kó wọlé rárá. Òbí tó fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ ti rí i lójú fóònù rẹ̀ pé wọ́n ti gba ìwé òun, ilé ẹ̀kọ́ kò sì rí nǹkan kan. Nígbà tí ìwọlé bá bẹ̀rẹ̀, òbí á ní ilé ẹ̀kọ́ kò ka òun sí, ilé ẹ̀kọ́ á ní òbí kò kọ nǹkan kan. Àtúnṣe rẹ̀ kò nira: kí ìkànnì máa gba ojú ọ̀nà SMTP, ìyẹn ọ̀nà tí ímeèlì fi ń wọ ilé ìfìwéránṣẹ́ tòótọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà, rán tirẹ̀, kí àká àkọsílẹ̀ sì tún ní ẹ̀dà. Àfikún tí kò bá lè ṣe méjèèjì, ẹni tó ń kọ lẹ́tà ìkíni nìkan ló lè lò ó.

Fọ́ọ̀mù tí aládìrẹ ní Ìtòkú lè fi máa gba iṣẹ́ ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù. Ohun tó nílò kò pọ̀: irú aṣọ, yálà ẹlẹ́kọ ni tàbí oníko tàbí èyí tí wọ́n fi àbẹ́là ya ọnà sí; iye yáàdì; àwọ̀; orúkọ oníbàárà; nọ́ńbà fóònù; ibi tí wọn yóò kó o lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà fóònù ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Tí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù bá lo àyè tí wọ́n ṣe fún ìṣirò, dípò èyí tí wọ́n ṣe fún fóònù, tí ó sì wá kó àwọn orúkọ jáde sínú Excel, òdo tó ṣíwájú nínú 0803 tàbí 0706 yóò ti pòórá, nítorí pé nínú ìṣirò òdo iwájú kò jámọ́ nǹkan kan. Tí oníbàárà tó wà ní Lọ́ńdọ̀n bá sì fẹ́ fi +44 bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti pàṣẹ fún pé nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jẹ́ mọ́kànlá gééré yóò lé e padà, aṣọ kò sì ní í tà. Àyè iye yáàdì náà lọ́gbọ́n tirẹ̀: bí aládìrẹ kì í bá já aṣọ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kó má fi àyè sílẹ̀ fún oníbàárà láti kọ méjì àti ààbọ̀, kó to ohun tó ń tà kalẹ̀, kí oníbàárà sì mú nínú rẹ̀. Ní ti owó, Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015, tí Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà ní 2020, ṣe é so mọ́ púpọ̀ nínú àwọn àfikún fọ́ọ̀mù wọ̀nyí, nítorí náà kò yẹ kí fọ́ọ̀mù kankan béèrè nọ́ńbà káàdì báǹkì fúnra rẹ̀. Kí ó darí ẹni náà sọ́dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba owó. Ó sì tún yẹ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ọ̀pọ̀ aládìrẹ ni kò nílò fọ́ọ̀mù kankan. Oníbàárà tó ń fẹ́ rí àwòrán, tó fẹ́ ná ọjà, tó sì fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó ń tà á, orí WhatsApp ni yóò lọ, ibẹ̀ náà ló sì ti yẹ kí wọ́n dá a lóhùn.

Orúkọ ènìyàn ni ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè jù, òun náà ló sì ń bà jẹ́ jù. Àwọn fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ti kọ́ pé láti A dé Z nìkan ni lẹ́tà orúkọ mọ, tí ẹni tó bá tẹ Ọláṣubọ̀mí sí i bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́ yóò rí àmì pupa tó ń sọ fún un pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kì í ṣe orúkọ. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà àgbáyé tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, é àti ò náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan tó dá dúró ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀ láti fi gbé wọn kalẹ̀. Ìdí nìyí tí Ọ̀ṣọ́ tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú ènìyàn fi ń di márùn-ún lójú kọ̀ǹpútà, tí àyè tí wọ́n fi ìwọ̀n lẹ́tà há mọ́ fi máa ń gé orúkọ gígùn sẹ́yìn, tí àká tí wọn kò sì tò dáadáa fi ń sọ àmì ohùn di àmì ìbéèrè. Kíbọ́ọ̀dù méjì tún lè tẹ orúkọ kan náà ní ọ̀nà méjì tí ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sí, kí àká sì kà á sí ènìyàn méjì. Kò sí ìwé ìpolówó àfikún kan tó máa ń sọ èyí. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ yóò tẹ orúkọ olámì wọlé, yóò wò ó nínú ímeèlì, yóò wò ó nínú àká, yóò sì tún kó o jáde sínú Excel wò, nítorí pé ó lè là á já níbi méjì kó sì bàjẹ́ níbi kẹta.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà pín orúkọ náà gba ìrònú. Ohun tí fọ́ọ̀mù òyìnbó ń pè ní orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ àárín àti orúkọ ìkẹyìn kò bá ti ẹni tó ń jẹ́ orúkọ baba rẹ̀ ṣáájú mu, tàbí ti Alhaja tí gbogbo ìlú fi orúkọ oyè mọ̀. Àyè kan ṣoṣo fún orúkọ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ló máa ń rọrùn jù. Ní ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìbéèrè alátẹ̀lé wúlò púpọ̀, ìyẹn ìbéèrè tí kì í yọjú àyàfi tí ìdáhùn tó ṣíwájú rẹ̀ bá pè é: ẹni tó bá mú Ẹ̀gbá Aké nínú Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu yóò wá rí Ìtòkú, Kémta, Ìgbẹ̀ìn àti àwọn ìlú yòókù tó wà lábẹ́ rẹ̀, dípò kó máa wá ìlú rẹ̀ nínú àkójọ gbọọrọ tí ti gbogbo Ẹ̀gbá wà. Forminator àti Fluent Forms fi èyí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá sanwó ni WPForms ń fún. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹgbẹ́ wò kó tó náwó, kì í ṣe iye àwọ̀ bọ́tìnì.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníjìbìtì tó ń fi ẹ̀rọ da pàǹtírí sínú fọ́ọ̀mù kò gba àlàyé gígùn. Àwọn àfikún kan máa ń fi àwòrán dá ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ, wọn a ní kó tọ́ka sí páìpù omi panápaná tó máa ń dúró létí títì ní Amẹ́ríkà, bí ẹni pé irú rẹ̀ wà ní Àdátán l'Abẹ́òkúta. Àyè ìkọ̀kọ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ jìbìtì yóò kó sí tí yóò sì fi fi ara rẹ̀ hàn, ń ṣe iṣẹ́ náà láìyọ àgbàlagbà lẹ́nu, kì í sì í jẹ dátà.

Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní 2020, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn sì gbé OgunDigiClass jáde lórí tẹlifíṣọ̀n OGTV, ẹ̀kọ́ dé ilé ọmọ, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kò lè mọ̀ bóyá ọmọ náà gbọ́ ọ yé. Ibẹ̀ ni àfikún ìdánwò ti wọlé wá, ibẹ̀ náà ni ìbéèrè ibi tí ìdáhùn ń lọ ti le jù, nítorí pé nínú ìdánwò, ìdáhùn méjì ló wà: èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, àti èyí tí olùkọ́ tọ́jú. Nínú H5P àti ọ̀pọ̀ àfikún kékeré, ìdáhùn olùkọ́ máa ń bá ìbéèrè wọ inú fóònù akẹ́kọ̀ọ́, kí fóònù náà lè máa gba máàkì fún un lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó bá mọ bí a ti ń tú ojú ìwé ayélujára wò yóò rí ìdáhùn kó tó rí ìbéèrè. Kò sí ohun tó burú nínú èyí tó bá jẹ́ eré ni, bí ìkànnì tó ń fi ìbéèrè mẹ́wàá nípa Òlúmọ dá àlejò lára yá. Ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ ni kò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀. Moodle ń gba máàkì lórí sáfà, ó ń kó ìbéèrè pamọ́ sínú àká tí a ti lè ṣà wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì tún máa ń tọ́jú ìdáhùn fúnra rẹ̀ bí àkókò ti ń lọ, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ìdánwò, ọmọ náà kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti gbé ní Nàìjíríà kò nílò àlàyé lórí ìwúlò ìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 yẹ ní ohun tí gbogbo olùṣètò ìdánwò, ńlá àti kékeré, gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa. Àjọ náà ti kó gbogbo ìdánwò UTME sórí kọ̀ǹpútà láti 2015, ṣùgbọ́n ní 2025 ó fẹ̀ ìlànà kan lójú, tó fi ń da ìbéèrè pọ̀ mọ́ra, tó sì tún ń da àwọn ìdáhùn A dé D abẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí A ọmọ kan má baà jẹ́ A ọmọ tó jókòó tì í. Kí máàkì lè péye, sáfà tó ń yẹ ìdáhùn wò gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ti da ti ọmọ kọ̀ọ̀kan pọ̀. Ìṣọ̀wọ́ sáfà kan gba àtúnṣe tó fún un ní ìmọ̀ yẹn. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ti Gúúsù Ìlà-Oòrùn kò gbà á, kò sì sí ẹni tó fura títí èsì fi jáde. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà ni ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Ọlóyèdé, tí í ṣe ọmọ Abẹ́òkúta, jáde síta, tó sì fi omijé gba ẹ̀bi náà sọ́rùn. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní ibùdó 157 ló kàn, wọ́n sì ní láti tún ìdánwò ṣe. Àwọn ọmọ kọ ìdáhùn tó tọ̀nà, ìdáhùn wọn dé ibi tó yẹ kó dé, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á kò lè kà á. Àfikún tó ń da ìbéèrè pọ̀ wọ́pọ̀ lórí WordPress náà, olùkọ́ tó bá sì fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ méjì wọlé fúnra rẹ̀, kó dáhùn ohun tó mọ̀ pé ó tọ̀nà nínú ọ̀kan, kó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì mẹ́ta nínú èkejì, kó sì fi ọwọ́ ka máàkì méjèèjì kó tó jẹ́ kí ọmọ kankan wọlé. Tí àtúnṣe tuntun bá sì wọlé, kó tún un ṣe.

Ìdánwò tí ọmọ yóò ti fúnra rẹ̀ kọ ìdáhùn, dípò kó mú nínú mẹ́rin, tún ní wàhálà tirẹ̀ ní èdè Yorùbá. Bí ìbéèrè bá jẹ́ pé ta ló ṣíwájú àwọn Ẹ̀gbá wá sí abẹ́ Òlúmọ ní nǹkan bí 1830, ọmọ kan lè kọ Ṣódẹkẹ́, òmíràn á kọ Sodeke, ẹ̀rọ tó bá sì ń wá ohun tó jọra délẹ̀ yóò fún ọ̀kan ní òdo. Nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, ìwà ìkà nìyẹn. Nínú ìdánwò àkọtọ́ Yorùbá, ohun tó tọ́ gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ kò lè mọ èyí tí olùkọ́ ní lọ́kàn, nítorí náà irinṣẹ́ tó yẹ kó rà tàbí kó gbà ni èyí tó jẹ́ kó to ìdáhùn bíi mélòó kan sílẹ̀ fún ìbéèrè kan, kó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n máàkì tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Moodle ti ń ṣe. Bí àfikún kan kò bá fàyè gba ju ìdáhùn kan lọ, kí olùkọ́ Yorùbá má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin kò ṣe é pa tì. Láti 2019 ni ìlànà NDPR ti wà lórí àkọsílẹ̀ ara ẹni ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òfin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ti Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ara Ẹni tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tó sì gbé àjọ NDPC kalẹ̀ láti máa mójú tó o. Ohun tí òfin yìí ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni fọ́ọ̀mù ni pé kó sọ ohun tó fẹ́ fi àkọsílẹ̀ ṣe, kó gba ìyọ̀ǹda níbi tó bá yẹ, kó má sì béèrè ju ohun tí iṣẹ́ náà gbà lọ. Ìyọ̀ǹda ọmọdé sì di ti òbí tàbí alágbàtọ́. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára, wákàtí 72 ni ó ní láti fi sọ fún àjọ náà, owó ìtanràn sì lè dé ₦10,000,000 tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ilé iṣẹ́ ńlá lọ́dún, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ ṣì ń béèrè ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, àní nọ́ńbà báǹkì BVN pàápàá, lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ ra aṣọ ẹgbẹ́. Ẹni tó béèrè ohun tí kò nílò ti gbé ẹrù tí kò lè sọ̀ sórí ara rẹ̀. Bí wọ́n bá sì lo Google Forms, tó rọrùn tí kò sì gba kọ́bọ̀, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé orí sáfà Google ni àkọsílẹ̀ náà wà, lábẹ́ orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì, àkáǹtì náà sì sábà máa ń jẹ́ ti akọ̀wé ẹgbẹ́ tí sáà rẹ̀ máa parí.

Àyè tí ènìyàn ti lè gbé ìwé tàbí fọ́tò wọlé ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bani jù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n rí àlàfo kan nínú Contact Form 7 tó lè jẹ́ kí ènìyàn fi fáìlì búburú pamọ́ sábẹ́ orúkọ tó jọ ti fọ́tò, wọ́n sì dí i pẹ̀lú ẹ̀dà 5.3.2. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àlàfo mìíràn nínú Ninja Forms le débi pé WordPress fúnra rẹ̀ ti àtúnṣe náà wọ inú àwọn ìkànnì láìdúró de àṣẹ àwọn tó ni wọ́n. Kì í ṣe pé àwọn méjèèjì burú ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tó ni wọ́n tilẹ̀ tètè jí sí ọ̀rọ̀ náà. Ìkànnì tí ewu ń wu ni èyí tí ẹni tó kọ́ ọ ti gbowó rẹ̀ lọ, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ mọ́, tí àtúnṣe sì ń kan ilẹ̀kùn tí kò sí ẹni tó máa ṣí i. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹni tó ń kọ́ ìkànnì, ó yẹ kó wà nínú àdéhùn pé méjì nínú àwọn olóyè ẹgbẹ́ tàbí alákòóso ilé ẹ̀kọ́ yóò ní ọ̀rọ̀ aṣínà, àti pé ẹni náà yóò fi hàn wọ́n, lójú ara wọn, bí a ti ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ jáde sínú fáìlì CSV, ìyẹn fáìlì tí Excel àti àfikún mìíràn lè kà, kó lè jẹ́ pé bí àfikún bá kú, orúkọ kò ní bá a kú.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ pípa fọ́ọ̀mù dé. Púpọ̀ nínú àwọn àfikún tí a ti dárúkọ ló ní ibi tí a ti lè yan ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù yóò ti ara rẹ̀, tàbí iye orúkọ tí yóò gbà kó tó ti, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú ètò náà sí, kì í sì í sí lára ohun tí wọ́n ń polówó. Nítorí náà ni fọ́ọ̀mù ìdíje àròkọ tí wọ́n ti fún àwọn tó borí ní ẹ̀bùn láti ọdún tó kọjá ṣe ń wà lórí ìkànnì síbẹ̀, tí àwọn ọmọ tó ṣèèṣì rí i lórí Google ń kọ orúkọ, kíláàsì àti nọ́ńbà fóònù ìyá wọn sínú rẹ̀, tí ìkànnì sì ń dá wọn lóhùn pé àwọn ti gbà á. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí fọ́ọ̀mù ni ó yẹ kí wọ́n ti kọ ọjọ́ tí yóò tì sínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí yóò pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé.